Ìkarahun Tó Ní Kí Wọ́n Gbé Iṣu Kaná

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Igbe, ọdún tí odò Àlàpó ya wọ ọjà Ìlódò, Abọ́sẹ̀dé aya Ọdẹ́rìndé kú. Ibà ló pa á. Ó bẹ́ iṣu kan sí méjì ní òwúrọ̀, ó se ìdajì jẹ, ó fi orí iṣu náà sẹ́yìn ààrò de ọkọ rẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó ti igbó dé, ó ti lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tí ẹ péjọ sábẹ́ igi yìí, ẹ gbé ìjókòó yín súnmọ́ mi. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, òun náà ló sì jókòó lọ́hùn-ún yẹn tó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n sọ jù ú lọ. Bí òun bá ń sọ ọ́, gbogbo ibi tó ti sáré ló máa ń fò. Èmi kì í fo ibì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran tí a ti yọ egungun inú rẹ̀, kó lọ bá a. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá le, kó jókòó tì mí.

Ẹ mọ bí ilé ọdẹ ṣe rí. Ọdẹ mọ ọjọ́ àlọ, kò mọ ọjọ́ àbọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá tètè gúnyán, iyán á tutù, á le gbagidi, ọkọ á dé, á sì máa wo iyán náà bí ẹni wo ọ̀tá. Bí kò bá sì gún un, ọkọ á gbé ebi wọlé, á jókòó, á máa ka igi òrùlé. Abọ́sẹ̀dé wà lẹ́nu èyí láti ìgbà tó ti di ìyàwó. Ní ọjọ́ kan, ó ní, "Ìbá ṣe pé ohun kan wà nínú ilé yìí tó ń dún bí ẹ bá ti ń bọ̀, ǹ bá mọ ìgbà tí n óò gbé iṣu kaná."

Láti ọjọ́ náà, kò dákẹ́ mọ́. Ó tọ alágbẹ̀dẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ ní, "Báwo ni yóò ṣe rí?"

"N kò mọ bí yóò ṣe rí. Ohun tí yóò ṣe ni mo mọ̀."

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí iná fi ta sí i láṣọ. Ó tọ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ, ìyẹn ní kó gbé ìrísí rẹ̀ wá kí òun gbé igi. Ó tọ amọ̀kòkò lọ, ìyẹn ní òun kò tíì mọ ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀, òun kò sì gbàdúrà àtimọ̀ ọ́n. Ohun náà wà lórí Abọ́sẹ̀dé, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rù ú títí ó fi kú.

Àṣà kan sì wà ní Ìlódò. Kí iṣu tuntun tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni, gbogbo ìlú á péjọ sí ojúde, Ṣíyanbọ́lá akéde ìlú á sì pe orúkọ àwọn tó kú láàárín ọdún. Bó bá pe ẹnì kan, á fi orúkọ mìíràn kún tirẹ̀, orúkọ ohun tí onítọ̀hún mú wá sáyé. Orúkọ yìí ni wọn yóò máa fi ki ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí láé. Ẹni tó bá sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ nípa ohun kan, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, orúkọ kan ṣoṣo ló wà fún un: Afẹnuṣe.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Abọ́sẹ̀dé bí, Ìbídùn, wà nínú oyún nígbà náà. Ó wá bá bàbá rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ó ní, "Bàbá, n kò ní kí ẹ sunkún, mo mọ̀ pé ẹ kì í sun ún. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú mi yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí iṣu tuntun bá dé, wọn yóò máa kì í ní ọmọ-ọmọ Afẹnuṣe, a-fẹnu-kọ́lé-má-fọwọ́-mọ."

Ọdẹ́rìndé dìde. Ó gbé ìbọn, ó dé fìlà ọdẹ rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì kọrí sí Igbó Ọwọ́-Ò-Tó, nítorí a ti ń gbọ́ pé àwọn kan wà ní òdìkejì igbó náà tí kò sí ohun tí ọwọ́ wọn kò lè ṣe.

Bó ṣe rìn kò kàn yín. Ó rìn, ó dé.

Ní ẹnu igbó náà, ó bá egbére kan tó jókòó lórí ẹní, tó ń sunkún. Egbére yìí kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ tó ti ilé olókùú mẹ́ta.

Ọdẹ́rìndé ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹkún sísun ni iṣẹ́ rẹ?"

"Ẹkún kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ẹkún ni òógùn rẹ̀."

"Bó o bá rò pé mo fẹ́ jí ẹní rẹ, o ṣìnà. N kò fẹ́ ẹní."

Egbére dákẹ́. Ó bojú wo ẹní tó jókòó lé. "Kí ló ṣe ẹní mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á yóò là. Ẹ tilẹ̀ wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó."

"Ẹ kò wo ẹ̀yìn rẹ̀." Ó sì tún bú sẹ́kún.

Nígbà tó sun èyí tán, ó fi ọwọ́ nu imú, ó sọ ara rẹ̀ di mímọ̀. "Ẹkúndayọ̀ ni orúkọ mi. Ẹni tí ohun kan bá wà lórí rẹ̀, tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo ń mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó lọ́wọ́. Bí ohun náà bá sì jáde, màá bá a gbé e dé ojú ìran, kó má baà dá nìkan ru ìtìjú náà."

"Kí ni ò ń gbà?"

"Oúnjẹ gbígbóná, ẹ̀ẹ̀kan. Èyíkéyìí tí mo bá ń jẹ, omijé mi ló máa ń mú un tutù. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ mi kan wà, Baba Ọdẹ. Ẹ má sọ 'kó sì tún' létí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí ohun òun ṣe báyìí, kó sì tún ṣe bá-ọ̀hún, ẹkún á gbé mi. Bí ẹkún bá sì gbé mi, odò ni ó ń dà."

"Èyí tí ò ń sun láti àárọ̀ ń kọ́?"

"Ìyẹn ni mo fi ń nu ọ̀nà ọ̀fun."

Ọdẹ́rìndé tẹ̀lé e. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà kì í yan ẹni tí yóò júwe rẹ̀.

Nínú igbó náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn tí kò ní ògiri. Oníbodè kan jókòó tì í, ẹnu rẹ̀ sì wà ní orúnkún, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá ń rìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa já sí wẹ́wẹ́. Ó dìde, ó ní, "Ta, ta ló, ló ń, ń dùn?"

Ẹkúndayọ̀ sọ fún un pé kó jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ó jókòó. Ó ní, "Ohun tí o fẹ́ mú wá sáyé yìí, ta ni àìsí rẹ̀ ń dùn?"

Ọdẹ́rìndé na àyà. Ẹ mọ̀ ọ́n, bó bá na àyà, bọ́tìnnì á fẹ́ já. Ó ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé, tí mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ ṣẹ́jú, kì í ṣe ohun kékeré ni mo wá ṣe. Gbogbo ayé ló ń dùn."

"Gbogbo Ayé?" Oníbodè fi orúnkún súfèé. "Jẹ́ kí a pè é."

Ẹ̀yin ará, Gbogbo Ayé jáde láti inú igbó. Ó tóbi bí òkè, ojú tó wà lára rẹ̀ sì tò bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Ọdẹ́rìndé ṣàlàyé ohun rẹ̀ fún un. Gbogbo ojú náà yọ̀. Wọ́n ní, "Ó dára púpọ̀. Orí yín pé, Baba. Irú rẹ̀ gan-an ni a ti ń wá." Orí Ọdẹ́rìndé wú débi pé fìlà ọdẹ rẹ̀ ń dún.

Ẹkúndayọ̀ fa ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ bi í bóyá yóò mú ọ̀kan lọ sílé."

Ọdẹ́rìndé bi í. Àwọn ojú náà wo ara wọn. Àwọn kan gbójú sókè, ọ̀kan ń wúkọ́, ọ̀kan béèrè pé ṣé òjò kò ní rọ̀ báyìí. Wọ́n wá ní, "A óò padà wá." Òkè náà yí padà, ó ń lọ, ó sì ń yìn ín títí a kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Ṣé yóò padà wá?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé igbó yìí," ni Ẹkúndayọ̀ wí, "kò tíì padà wá rí."

Ọdẹ́rìndé dúró. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò na àyà mọ́. "Obìnrin kan ló ń dùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, iṣu wà ní abíyá rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun bẹ́ iṣu náà tàbí kí òun gbé e padà. Bí ajá aládùúgbò bá gbó, á rò pé ọkọ òun ni."

Oníbodè ká orúnkún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ìlú tí wọ́n wọ̀ ni a ń pè ní Òkùdíẹ̀. Ìlú yìí, bí n kò bá fi ojú inú mi tó mú ju tiyín lọ rí i, n kò ní gbà pé ó wà. Kò sí ohun kankan tó parí níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí yín, wọn á ní "Ẹ kú", wọn á sì dúró síbẹ̀, nítorí wọ́n ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ tí yóò tẹ̀lé e. Ọkọ ìyàwó kan wà níbẹ̀ tó ti hu ewú, tó ń dúró kí irùngbọ̀n òun pé kó tó lọ gbé ìyàwó. Ìyàwó náà ní kó má kánjú, òun ṣì ń di irun. Ọba wọn kò tíì dé adé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń to ìlẹ̀kẹ̀ kún un, adé náà sì ti ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àkàbà tí ọba yóò fi gùn ún ni wọ́n ń kàn lọ́wọ́, ìyẹn náà kò tíì parí.

Wọ́n gbé ẹ̀wà fún àlejò. Ẹ̀wà náà kù díẹ̀ kó jinná. Ẹkúndayọ̀ kò fọwọ́ kàn án. Ọdẹ́rìndé jẹ abọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀wà yẹn sọ́kàn, a óò padà bá a.

Ọba ní, "Ohun tí o fẹ́ ṣe dára, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Kó máa dún nìkan? Kó máa dún, kó sì tún máa kọrin."

Ètè Ẹkúndayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́."

"Kó sì tún máa sọ bí òjò yóò bá rọ̀. Kó sì tún mọ ọdẹ tó pa ẹran yàtọ̀ sí ọdẹ tó pa irọ́."

"Baba Ọdẹ, ẹ má dá a lóhùn."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Ọdẹ́rìndé lára. Ó rí Abọ́sẹ̀dé lójú ọkàn rẹ̀, ó sì dà bíi pé kò sí ohun tó pọ̀ jù fún un. Ó dìde, ó ní, "Kí á fi wúrà ṣe é. Kó sì tún ga bí ilé. Kó sì tún máa pe orúkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó sì tún..."

Ẹkún gbé egbére.

Omi dé láti ojú rẹ̀ bí ìgbà tí ògiri odò wó. Ó gbé àkàbà, ó gbé ọba, ó gbé ọkọ ìyàwó pẹ̀lú irùngbọ̀n tí kò tíì pé. Adé tí ẹnikẹ́ni kò dé rí léfòó kọjá bí ilé ìṣọ́. Níhìn-ín ni Ọdẹ́rìndé máa ń sọ fún yín pé òun lúwẹ̀ẹ́. Kò lúwẹ̀ẹ́. Ẹní egbére ló dì mọ́, ó sì ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti ń wúkọ́. Omi náà gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba fìlà lórí rẹ̀, ó gba bàtà ẹsẹ̀ òsì. Àpò nìkan ló kù sí i lọ́rùn.

Nígbà tí omi fi wọ́n sílẹ̀ sórí iyanrìn, Ẹkúndayọ̀ fún ẹní rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un ló kó èyí tí ẹ ní lọ."

"Mo fẹ́ kó tóbi ni. Kò sí ohun tó tóbi jù fún un."

"Ṣé òun ló ní kó tóbi?"

Ọdẹ́rìndé wo odò náà títí. "Ó ní kó dún ni."

Iyanrìn yìí gan-an ni ilẹ̀ àwọn Ọlọ́wọ́-Púpọ̀. Ọwọ́ wà lára wọn níbi gbogbo, kódà ọwọ́ ló wà níbi tó yẹ kí etí wà. Bí o bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ìwọ yóò sọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, onítọ̀hún á di ọwọ́ náà, ọ̀rọ̀ á sì wọlé. Ọdẹ́rìndé sọ tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà kan. Ìyá náà di ọwọ́, ó ronú, ó sì ti ọwọ́ mìíràn bọ inú òkìtì pàǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ìkarahun ìgbín méjì jáde. Ètè ọ̀kan ti fọ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ yòókù ra wọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń gbà," ló wí. "Sọ ọ́ sínú èyí. Bí ohun tí o sọ bá ṣẹlẹ̀, èkejì á dún, bó ti wù kó jìnnà tó. Bí o bá fi kún un, yóò há a lọ́fun."

Ọdẹ́rìndé yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì. "Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ kọ́. Àkọ́kọ́ ni. Ṣé o ti rí ọmọ tó hu irùngbọ̀n jáde láti inú ìyá rẹ̀? Lọ lò ó, kó já ọ kulẹ̀, kí o bú mi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó o sọ sí i kò bá ṣe é, fi omi ṣàn án, sọ òmíràn."

Ọdẹ́rìndé fi ẹnu sí ìkarahun tí ètè rẹ̀ pé, ó ní, "Bí àyà mi bá ti kọjú sílé, dún." Ó so ó mọ́ àyà. Òun pẹ̀lú Ẹkúndayọ̀ padà sí Ìlódò. Iṣu tuntun ti ń yọ lójú ebè nígbà tí wọ́n dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n so ìkarahun tí ètè rẹ̀ fọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọdẹ́rìndé wọ igbó lọ. Ìbídùn jókòó ti ààrò, Ẹkúndayọ̀ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odó, ó ń retí oúnjẹ gbígbóná.

Kò pẹ́, ìkarahun ní, "Kọ́ọ́."

Ìbídùn gbé iṣu èṣí kaná, ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kan tuntun. Àwọn ìyàwó ilé bá a gún un. Iyán délẹ̀, ó funfun, ó ń yọ èéfín. Bàbá kò dé. Iyán tutù.

"Kọ́ọ́."

Wọ́n gbé òmíràn kaná. Bàbá kò dé. "Kọ́ọ́." Wọ́n tún gún un. "Kọ́ọ́. Kọ́ọ́." Nígbà tó fi di ọ̀sán, iyán ti kún ọpọ́n, ó kún igbá, wọ́n ti ń bù ú sínú agbọ̀n ìkórè. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́, wọ́n ń wá, wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń sọ pé ohun tí Ọdẹ́rìndé mú bọ̀ dára púpọ̀. Ẹkúndayọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, lẹ́nu Gbogbo Ayé. Ó gbé orí ka ẹsẹ̀.

Ọdẹ́rìndé dé ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ìbídùn fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá, láti àárọ̀ ni ẹ ti ń bọ̀."

"N kò bọ̀."

"Ìkarahun ní ẹ ń bọ̀."

"Mo ní n kò bọ̀. Inú igbó ni mo wà."

Ẹkúndayọ̀ ní, "Baba Ọdẹ, kí ni ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ kọjú sílé?"

"Ọdẹ kì í sọ gbogbo ohun tó bá ṣe nínú igbó."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi. Èmi kì í ṣe ènìyàn."

Ọdẹ́rìndé wo òrùlé. Ó wo odó. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí adájọ́. "Ẹ̀wà Òkùdíẹ̀."

"Ẹ̀wà ṣe kí ni?"

"Mo ń lóṣòó."

"Kí ló dé tí ẹ fi kọjú sílé bí ẹ bá lóṣòó?"

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n egbére kò mọ̀ ọ́n, àwọn Ọlọ́wọ́-Púpọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ọdẹ́rìndé dáhùn pé, "Bàbá mi ló kọ́ mi. Ọdẹ kì í kọ ìdí sílé bó bá lóṣòó. Àfojúdi ni sí àwọn tó wà nílé."

Ìbídùn ti fẹ́ bínú. Ó ti la ẹnu. Ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di odó mú, àwọn ìyàwó ilé náà bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì wà nínú ilé náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Igbe. Ọdẹ́rìndé jókòó láàárín òkè iyán. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Ìbídùn nu ojú. Ó ní, "Màmá kì í wo ibi tí ẹ kọjú sí. Àpò yín ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n ní ọdẹ tó bá ti di ẹnu àpò rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́, ilé ló ń bọ̀. Àwọn ló ń tú okùn náà bí ẹ bá dé. Wọ́n ní kókó yín máa ń le."

Òótọ́ ni. Àpò tó lanu ló ń pe ẹran. Ọdẹ wo ni yóò di àpò nígbà tó ṣì ń wá?

Wọ́n fi omi ṣan ìkarahun náà. Ọdẹ́rìndé fi ẹnu sí i, ó ní, "Bí mo bá di ẹnu àpò, dún." Ó mí, ó tún la ẹnu, ó sì rí i tí ojú Ẹkúndayọ̀ ti ń kún. Ó pa ẹnu dé. Ó so ìkarahun náà mọ́ ọrùn àpò.

"A kò tíì dán èyí wò," ló wí. "Ọ̀la ni wọn yóò pe orúkọ."

"Ojú gbogbo wọn ni a óò ti dán an wò," ni Ẹkúndayọ̀ wí. "Bó bá tẹ́ wa, a jọ tẹ́ ni."

Ní ọjọ́ kejì, ojúde kún. Ṣíyanbọ́lá akéde dúró láàárín, ó ń pe orúkọ. Ó pe ọkùnrin kan tó mú irúgbìn ilá aláwọ̀ pupa wá láti ìdálẹ̀, ó fún un ní orúkọ rere. Ó pe ìyá kan tó kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní bí a ṣe ń gun afárá kọjá odò. Ó wá kan Abọ́sẹ̀dé.

"Abọ́sẹ̀dé aya ọdẹ. Ó ní ohun kan yóò máa dún. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ta ló rí ohun náà?"

Ìbídùn gbé ìkarahun tí ètè rẹ̀ fọ́ sókè.

Ẹnì kan ní, "Ìgbín ni?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹran inú rẹ̀ ń kọ́? Àbí Ọdẹ́rìndé ti jẹ ẹ́ lọ́nà?"

Ṣíyanbọ́lá kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ní, "Ìbídùn, ọmọ mi, ìkarahun lásán ni."

"Ẹ dúró díẹ̀, Bàbá. Omi ti wà lórí iná lẹ́yìn mi yìí."

Wọ́n dúró. Omi hó, wọ́n bu òmíràn kún un. Oòrùn kúrò lórí, ó bọ́ sí èjìká. Ìkarahun kò sọ nǹkan kan.

Nínú igbó, Ọdẹ́rìndé ti parí iṣẹ́ tipẹ́. Ìbọn rẹ̀ ti bá omi lọ, nítorí náà pákúté ló lọ wò, ó sì bá òkété ńlá kan nínú rẹ̀. Ó ki òkété sínú àpò. Ó mú okùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti oṣù Igbe, kò tíì di ẹnu àpò náà. Bó bá ti igbó dé, ní ẹnu líla ló ń gbé e wọlé, nítorí bó bá di í, ta ni yóò tú u? Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó di okùn náà mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó sì ń wò ó. Ibí yìí, kò sọ ọ́ fún mi rí. Egbére ló sọ ọ́, nítorí ó ti rán ẹkún rẹ̀ kékeré kan tẹ̀lé e.

Ní ojúde, Ṣíyanbọ́lá mí kanlẹ̀. "Ó tó. Abọ́sẹ̀dé aya Ọdẹ́rìndé, orúkọ tí ìlú fún ọ ni Afẹ..."

"Kọ́ọ́."

Kò dún ju ohùn àparò lọ. Akéde la ẹnu sílẹ̀, ó gbàgbé àtipa á dé. Ìbídùn kò dúró wo ẹnikẹ́ni. Ó da iṣu sínú omi híhó.

Àwọn kan ní atẹ́gùn ni. Àwọn kan ní bó bá jẹ́ òótọ́, àwọn yóò rí i. Wọ́n gún iyán náà lójú gbogbo wọn, wọ́n gún un kúnná, wọ́n ń yí i lọ́wọ́ ìkẹyìn nínú odó nígbà tí Ọdẹ́rìndé yọ lójú ọ̀nà, tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan, àpò rẹ̀ sì di pinpin.

Ó jókòó. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó tú kókó okùn náà. Ó le, ó fi eyín sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé iyán síwájú bàbá rẹ̀. Ọdẹ́rìndé bù ú, iyán sì jó o lọ́wọ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀ bí ọmọ kékeré, òun tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ ṣẹ́jú fún.

Ó ní, "Ó gbóná."

Ó tún bu òkèlè mìíràn.

Ojúọlápé, aya Ọdẹ́kúnlé, la àárín èrò kọjá. Kò ní ó dára púpọ̀. Iṣu wà ní abíyá rẹ̀, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tèmi dà? Ọkọ tèmi ti wà nígbó láti ìjẹta."

Ẹkúndayọ̀ gbá Ọdẹ́rìndé ní ẹ̀gbẹ́. "Ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mú ọ̀kan lọ sílé nìyẹn," ló wí.

Ṣíyanbọ́lá ti rí ohùn rẹ̀. Ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, A-jẹ́-kí-iyán-gbóná-de-ọdẹ." Ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ẹ̀yìn wá ní, kó sì tún máa sọ irú ẹran tó wà nínú àpò. Gbogbo ojúde ti gbọ́ èèwọ̀ egbére, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu egbére kún fún iyán. Ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi jó o láhọ́n, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀kán méjì péré, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn fún òun. Nígbà tó yó, ó ká ẹní rẹ̀, ó padà sí ẹnu igbó rẹ̀.

Bí ó ṣe rí nìyẹn, pẹ̀lú egungun. Bí mo bá purọ́, ẹ bi ẹni tó ń wúkọ́.

Ohun tí Abọ́sẹ̀dé fi sílẹ̀ láyé nìwọ̀nyí: odó kan pẹ̀lú ọmọ odó méjì, ọ̀kan kúrú ju èkejì lọ, ọ̀bẹ iṣu kan, ìró méjì, tí Ìbídùn fi ọ̀kan pọn ọmọ, ìkarahun ìgbín tí ètè rẹ̀ fọ́, tó ti ní ogún ọmọ ìyá lẹ́nu ilẹ̀kùn kiri Ìlódò, orúkọ kan nínú oríkì ọmọ náà, ọkọ kan tó ń tètè di ẹnu àpò rẹ̀ báyìí, àti orí iṣu kan lẹ́yìn ààrò, tí ẹnikẹ́ni kò gbé kaná, tó ti hù.